Ẹni Tí Ó Fi Okùn Wọn Ìyá Olómi

Bàbá ọkọ mi, Ọdẹ́rìndé Àkàngbé ará Ìdí-Ọsàn, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa kí n tó mọ ìwé kọ, ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ní abúlé wa. Ní ọjọ́ tí Bàbá rí i pé mo fi ẹfun kọ orúkọ ara mi sí ara ògiri, ó pè mí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ ni o kọ ìyẹn?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ inú ìwé, ṣé ẹnìkan tún lè tú u?" Mo ní àfi bí wọ́n bá fa ìwé náà ya. Ó ní kí n wá jókòó. Àwọn ará ilé tí wọ́n wà níbẹ̀ ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ nígbà púpọ̀, wọ́n rò pé èyí tí àwọn mọ̀ ni yóò tún sọ. Kì í ṣe òun. Bí ó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni mo kọ ọ́ yìí.

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀kọ tí ọdẹ jẹ kí ó tó kúrò nílé, kí ó lọ bi ìyàwó ọdẹ. Èmi kò ní sọ ìyẹn. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́tundé tí ẹkùn bù jẹ ní èjìká, tí ó sì lé ẹkùn náà títí ó fi gba ẹran rẹ̀ padà. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí ìrì òwúrọ̀ tó gbẹ. Mo ti sùn sí ẹ̀gbẹ́ ihò erè, mo hanrun títí erè fi fi ilé sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bí mo bá ń kọjá lójúde, àwọn ìyá arúgbó a máa sọ fún ọmọbìnrin wọn pé, "Ọkùnrin rèé." Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, irọ́ ti ń wúwo lẹ́nu mi. Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ọsàn nígbà náà tí wọ́n ń wò jù mí lọ. Abíọ́nà ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni. Abẹ kan náà ni wọ́n fi kọlà fún wa.

Abíọ́nà kò ní ìbọn tí ó dára. Kò ní oògùn tí ó ju ewé efinrin lọ. Ohun tí ó ní ni àwọn okùn ìko tí ó máa ń so kókó sí. Bí ẹtu bá wá lá ilẹ̀ oníyọ̀, yóò so kókó kan. Bí òjò bá rọ̀, yóò so òmíràn sí okùn mìíràn. Bí a bá bi í pé kí ni ó ń ṣe, yóò ní, "Mo ń bi igbó léèrè ọ̀rọ̀ ni." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin yìí a jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́jọ, a máa bá ìyàwó rẹ̀ pa ẹ̀gúsí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a dìde, a lọ sí ojú kan ṣoṣo, a yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan, a sì gbé ẹran délé kí oòrùn tó kan àtàrí. Èmi tí mo ń lọ lójoojúmọ́, tí mo ń pe ọfọ̀ títí ètè mi fi ń bó, ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo ń gbé bọ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó mi kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Ọ̀rọ̀ rere rẹ̀ ni ó ń dùn mí. Yóò ní, "Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, Abíọ́nà ní tí oṣù tuntun bá yọ, ẹtu á pọ̀ ní ìhà odò." Abíọ́nà ní báyìí. Abíọ́nà ní bẹ́ẹ̀. Mo ń bá orúkọ ọkùnrin náà nínú ọbẹ̀ mi, mo ń bá a lórí ẹní mi. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Ẹni tí ó pa òwe yẹn kò tíì gbé ní abúlé tí ó jẹ́ pé ẹyẹ méjì péré ni ó wà níbẹ̀.

Ní ọdún náà ni omi Ìdí-Ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí a kò rí rí. Omi àpáta tí à ń pọn a kún fún ọjọ́ díẹ̀, a sì gbẹ fún ọjọ́ púpọ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á mu láti ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin ń jà lórí kèrègbè kan. Ọmọ méjì mu omi ẹrẹ̀, wọ́n kú. Nígbà náà ni Baálẹ̀ ní kí ọdẹ méjì wọ Igbó Olórí-Omi, kí wọ́n wá ibi tí omi náà ti ń ṣàn wá, kí wọ́n sì wádìí ohun tí ó ń ṣe é. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé yóò lọ nítorí apá. Abíọ́nà yóò lọ nítorí orí." Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ náà dára. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, pé èmi kò ní orí.

Ní ọjọ́ kẹta nínú igbó, ẹranko kan jáde sí wa tí èmi kò tíì rí irú rẹ̀ títí di òní. Ara erin, ẹsẹ̀ ẹtu, ìwo mẹ́fà yí orí rẹ̀ ká bí adé. Kò ní ojú rárá. Imú nìkan ni ó ní, imú náà gùn tó apá mi, ó sì ń wá wa kiri nínú afẹ́fẹ́. Mo pe ọfọ̀ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, ẹranko náà kò mọ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀. Mo yin ìbọn, ẹ̀tù inú rẹ̀ ti tutù, ìbọn wí pé "kẹ́ẹ́," ó dákẹ́. Ẹranko náà gbọ́ òórùn mi, ó tẹ ìwo mọ́lẹ̀. Abíọ́nà bu eérú nínú àpò rẹ̀, ó jẹ́ kí ó dà sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀, ó wo ibi tí eérú fẹ́ lọ, ó sì fa apá mi wọ ẹ̀yìn igi ìrókò kan, ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń ti ara ẹranko bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ẹranko náà pàdánù òórùn wa. Ó kọjá débi pé ìrù rẹ̀ gbá mi lẹ́nu. Mo yè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà nínú mi nígbà náà fún yín: inú mi kò dùn. Mo wo ọkùnrin tí ó gbà mí lọ́wọ́ ikú, mo sì ń rò ó pé báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ nílé, àti bí Àwẹ̀ró yóò ṣe mi orí.  Abíọ́nà gbọn eérú lọ́wọ́, ó ní, "Àkàngbé, jẹ́ ká máa lọ." Èyí tún dùn mí ju kí ó fọ́nnu lọ.

Ní ọjọ́ kẹfà a dé ibodè ìlú àwọn iwin tí wọ́n ń gbé lórí orísun. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ibodè náà na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀, òjìji rẹ̀ sì dúró ṣánṣán lókè rẹ̀. Òjìji náà ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjì, àlọ́ méjì. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀ yóò san owó ibodè."

Mo ní, "Kí ni owó ibodè?"

"Ohun tí mo bá rí lára rẹ tí ó wù mí."

"Ìwọ tí o kò ní ọwọ́, kí ni o ó fi gbà á?"

"Gbé ọ̀rọ̀ yìí padà sí ẹnu rẹ, má tún sọ irú rẹ̀ níbí," ni òjìji dá mi lóhùn. Ó kọjú sí Abíọ́nà, ó ní, "Ó ń jáde nílé lójoojúmọ́, ilé rẹ̀ kò ṣófo."

Abíọ́nà ní, "Orísun omi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Oníbodè, ta ni ó sọ fún yín pé kò ní ṣófo? Ṣé ẹ ti kà á wò?"

Òjìji náà rẹ́rìn-ín títí ara tí ó wà nílẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "Ẹnu rẹ yóò gbé ọ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò lè gbé ọ kúrò. Wọlé." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ohun kan ń bẹ tí ó ń jẹ olówó rẹ̀ kí ó tó kan ọ̀tá."

Mo ronú. Mo rántí ìbọn mi. Mo ní, "Ìpáàrà ni."

"O sún mọ́ ọn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara irin ni èyí tí mo ń wí ń gbé." Ó ní mo jẹ gbèsè ibodè, ó sì gba oorun ọ̀sán mi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo ní kí ni ọkùnrin fẹ́ fi oorun ọ̀sán ṣe? Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bá mi. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ojú mi kò tíì pa dé nígbà tí oòrùn wà lókè, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ó ti ibẹ̀ wá.

Àwọn ará ìlú náà kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ewé odò ni ó hù lórí wọn dípò irun, ẹsẹ̀ wọn kì í gbẹ, ibi tí wọ́n bá tẹ̀ a máa lómi. Láàárín ìlú wọn ni àpáta ńlá kan wà tí ó la ẹnu, omi wà nínú ẹnu náà, wọ́n sì ń pè é ní Ẹnu Ìyá. Wọ́n ní Ìyá Olómi ń gbé nísàlẹ̀. Bí ó bá mí jáde, omi á kún, á ṣàn kúrò nínú ìlú, yóò sì dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìdí-Ọsàn ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá mí sínú, gbogbo rẹ̀ á gbẹ. Àwòrò rẹ̀ nìkan ni ó mọ ọjọ́ tí inú Ìyá yóò yọ́. Ní ọjọ́ náà yóò gbé ẹyẹlé funfun àti oyin lọ síbẹ̀, yóò pè é, omi yóò sì kún lójú gbogbo ènìyàn. Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ara mi bù máṣọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wólẹ̀, mo fi orí kan ilẹ̀. Abíọ́nà náà wólẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti dìde, ó so kókó.

Wọ́n ṣe wá lálejò dáadáa. Òfin wọn ni pé àlejò méjì tí wọ́n bá jọ wọ̀lú gbọ́dọ̀ máa jẹun nínú àwo kan ṣoṣo. Èmi àti òun jọ ń fi ọwọ́ bọ àwo, èmi ń ka òkèlè rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká. Kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ìbéèrè ni ó ń bi wọ́n. "Bí Àwòrò bá ṣàìsàn lọ́jọ́ tí omi yẹ kí ó dé ńkọ́?" Wọn a rẹ́rìn-ín.  Ọ̀kan nínú wọn a ní, "Bàbá Olókùn, ìyẹn kò tíì ṣẹlẹ̀ rí." Òun a ní, "Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ wá mọ̀ bí yóò ti rí?" Wọn a tún rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí ìrì tó gbẹ, èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ẹnikẹ́ni kò bi mí bí mo ṣe pa wọ́n. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí rí, "ọ̀rẹ́ Olókùn" ni orúkọ mi.

Nígbà tí omi kún lẹ́ẹ̀kẹta, Abíọ́nà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tí ó rí ẹyin awó. Ó ní, "Àkàngbé, ọjọ́ mọ́kànlá. Láti ìkún dé ìkún, ọjọ́ mọ́kànlá géérégé. Mo rò pé kòtò kan wà nínú òkè lọ́hùn-ún tí omi ń sẹ̀ sí díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kún, á dà. Bí a bá mọ ọjọ́ rẹ̀, a ó sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n gbẹ́ kòtò sílẹ̀ dè é, ọmọ kankan kò ní mu ẹrẹ̀ mọ́." Mo ní ó dára. Ahọ́n mi ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìkún yẹn, lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán, Abíọ́nà sùn sábẹ́ igi. Gbogbo ìlú sùn. Èmi nìkan ni mo lajú sílẹ̀, nítorí owó ibodè tí mo san. Okùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kókó mẹ́fà wà lórí rẹ̀, ó ti so ti ọjọ́ náà. Ẹ gbọ́ mi o. N kò fẹ́ kí ó kú. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré, kí omi kún ní ọjọ́ tí kò sọ, kí àwọn tí wọ́n yí i ká fi í rẹ́rìn-ín, kí n lè délé kí n sọ fún Àwẹ̀ró pé, "Abíọ́nà ní, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀." Mo mú okùn náà. Mo tú kókó kan tí ó wà láàárín. Mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a. Kò gbà mí tó àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ ẹ̀pà mẹ́ta.

Níbo ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ okùn rẹ̀ ti dé etí Àwòrò? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n mú un. Wọ́n kó gbogbo ìlú jọ síwájú Yèyé Gbọ́tẹnu-Méjì, ìyá arúgbó tí ó ń dá ẹjọ́ wọn. Etí rẹ̀ méjèèjì gùn débi èjìká. Yóò na ọ̀kan sí ẹni tí ó pe ẹjọ́, yóò na ìkejì sí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwòrò kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí epo. Ó ní, "Yèyé, ọkùnrin yìí fi okùn wọn Ìyá. Ẹni tí à ń wọ̀n ni ẹni tí a fẹ́ rán aṣọ fún, tàbí ẹni tí a fẹ́ kan pósí fún. Kí ó sọ èyí tí ó fẹ́ ṣe fún Ìyá wa."

Abíọ́nà ní, "Ìyá tí ó bí mi lọ́mọ, mo mọ ọjọ́ tí ó ń lọ sí ọjà, mo mọ ọjọ́ tí ó ń bọ̀. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò dín ìfẹ́ mi kù. Òun ni mo fi ń lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà láti gba ẹrù orí rẹ̀."

"Ṣé o ń wí pé Ìyá kò sí nínú omi?"

"N kò wí bẹ́ẹ̀. Okùn mi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí omi ń dé ni mo mọ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àwòrò kò rẹ́rìn-ín.

Yèyé ní, "Ní ìlú wa, a kì í fi ẹnu ẹni dá ẹni lẹ́bi. Ẹni tí ó bá a jẹun nínú àwo kan ni kí ó sọ fún wa. Àlejò, kí ni okùn yìí wà fún? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọdẹ ní òfin tiyín, pé gbogbo ohun tí ojú ọdẹ rí kọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń sọ. Bí òfin yín bá dí ọ lẹ́nu, sọ bẹ́ẹ̀. A ó dáná sun okùn náà, ẹ ó sì máa lọ sílé yín."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀? Òfin náà ni gbogbo ọdẹ fi ń gbé. Bàbá mi kọ́ mi kí n tó lè ru àpò. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo sì wo ọwọ́ òsì, mo rí àwọn ará ìlú tí wọ́n ń wo Abíọ́nà. Obìnrin kan nínú wọn ń sunkún. Mo bi ara mi léèrè pé ta ni yóò sunkún bí ó bá jẹ́ èmi ni mo dúró níbẹ̀. Mo ní, "Yèyé, ó fi í ń ka ọjọ́ Ìyá. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀." Òótọ́ ni mo sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè fi òótọ́ pa ènìyàn.

Abíọ́nà kò wò mí. Ó ní, "Òótọ́ ni ó sọ. Yèyé, ẹ jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ fún mi ní okùn mi kí n kà á. Ní ọjọ́ tí mo bá sọ, kí Àwòrò má ṣe pe Ìyá. Omi yóò kún. Bí kò bá kún, ẹ ṣe mí bí òfin ti wí." Wọ́n nà án sí i. Mo rí i bí ó ṣe ń kà á. Ó dúró. Ó tún kà á. Iwájú orí rẹ̀ hunjọ díẹ̀. Ó ní, "Orí mi ń sọ fún mi pé mẹ́fà ni. Okùn wí pé márùn-ún. Ṣùgbọ́n mo ti ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí pé kí ẹ gba ohun tí ẹ kà gbọ́ ju ohun tí ẹ rò lọ. N kò lè sọ èyí fún yín kí èmi má ṣe é. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà."

Mo rí Àwòrò. Ó gbé ojú sókè bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ó wo okùn náà, ó wo Abíọ́nà, lẹ́yìn náà ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Yèyé, èmi yóò pe Ìyá ní ọjọ́ karùn-ún. Kí a wo ti ta ni Ìyá yóò gbọ́." Yèyé gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti Abíọ́nà mọ́ inú ihò àpáta, Yèyé sì gba okùn náà sọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì Àwòrò pè mí sí ilé rẹ̀. Kò fi nǹkan kan lọ̀ mí. Ó ṣí ìkòkò kan, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Òkúta kan, ọjọ́ kan. Bàbá mi ni ó kọ́ mi. Nígbà ayé rẹ̀, òkúta mẹ́ta ni láti ìkún dé ìkún, omi kì í gbẹ dé ọ̀dọ̀ yín. Nígbà tèmi, ó di mẹ́fà. Lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú yín kò bẹ̀rù òkè mọ́, tí ẹ gé igi orí rẹ̀ fi dá oko, ó di mọ́kànlá. Ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́n. Mo ti ń dá nìkan mọ ohun tí ó mọ̀ láti ogún ọdún, ó sì wù mí kí n bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún wọn pé kòtò ni ó ń kún, ta ni yóò bẹ̀rù kòtò? Ìbẹ̀rù Ìyá ni ó ń lé àáké kúrò lórí òkè." Ó bo ìkòkò náà. "Òkúta mi wí pé ó ku mẹ́rin lónìí. Tirẹ̀ wí pé ó ku márùn-ún. Ọkùnrin yẹn kì í ṣẹni tí ń ṣì kókó so. Ta ni ó tú u?"

Mo dìde láti lọ. Òun kò tún bi mí. Kí ni yóò fi ìdáhùn mi ṣe? Ohun tí mo ṣe wúlò fún un.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún Abíọ́nà ní ọjọ́ kẹta, mo ti pinnu pé n ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti kókó àti ti òkúta. Ìròyìn òkúta yẹn, Abíọ́nà ìbá gé ọwọ́ rẹ̀ kan fi rà á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, bí ogún ènìyàn ni ó jókòó sí ẹnu ihò náà, òun sì wà nínú òkùnkùn, ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kú. Ọ̀kan nínú wọn wo ẹ̀yìn, ó rí mi, ó ní, "Ẹ yà fún ọ̀rẹ́ Olókùn, ó gbé àwo dání." Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá padà sọ́nà ọ̀fun mi. Mo gbé àwo kalẹ̀. Abíọ́nà ní, "Àkàngbé, bí mo bá ṣì í kà, yóò dára kí n mọ ibi tí mo ti ṣì í." Mo ní, "Jẹun kí ó tó tutù." Mo lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún Àwòrò gbé ẹyẹlé àti oyin lọ sí Ẹnu Ìyá. Ó pè é pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí ó rọ̀ yẹn. Omi kún. Ó kún débi tí kò kún dé rí, ó ń hó lára àpáta, gbogbo ìlú sì wólẹ̀, àti àwọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ẹnu ihò. Wọ́n ní Ìyá ti gbọ́. Obìnrin tí ó sunkún nígbà náà, òun ni ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Abíọ́nà.

Ìdájọ́ wọn ni pé ẹni tí ó bá ṣẹ Ìyá yóò rìn gba ihò tí omi ń gbà lọ sí abẹ́ òkè. Ẹnikẹ́ni kò ti ibẹ̀ bọ̀ rí. Bí ó bá ti gbéra, kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn. Bí ó bá wo ẹ̀yìn, omi yóò dá dúró fún odindi ọdún kan, fún wọn àti fún wa. Èyí ni wọ́n gbàgbọ́. Èmi kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Abíọ́nà nìkan ni ìbá bi wọ́n bóyá ẹnìkan ti dán an wò, ṣùgbọ́n kò bi wọ́n.

Ẹ̀yin mọ̀ mí sí ẹni tí ó mú ọgbọ́n omi wá sí Ìdí-Ọsàn. Èmi ni mo sọ fún Baálẹ̀ pé kí ẹ má ṣe gé igi orí òkè mọ́, èmi ni mo sọ ọjọ́ tí ẹ ó gbẹ́ kòtò dè, omi sì ń dé ní ọjọ́ tí mo bá sọ. Ẹ fi mí jẹ oyè nítorí rẹ̀. Àwẹ̀ró wò mí ní ọjọ́ ìwúyè, ó ní, "Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ẹ ti wá dà bí Abíọ́nà." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àlọ́ oníbodè kò ní ìparí. Mo ń jowú òkú. Ìyàwó, má fo ibi yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ó tó lọ, ó bẹ Yèyé pé kí ó fún òun ní okùn náà kí òun fi ránṣẹ́ sílé. Yèyé fún un. Ó jókòó sórí òkúta, ó fà á gba ìka rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń wá ẹ̀gún lára aṣọ. Ìko a máa rántí: ibi tí kókó bá ti wà tẹ́lẹ̀ kì í nà tán. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀, ó dúró. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Àwòrò ń wò ó, Yèyé na etí rẹ̀ kan sí i. Gbólóhùn kan ni ó kù fún un láti sọ, ì bá gba ara rẹ̀ là, èmi ni ì bá wọ inú ihò náà. Mo rí i pé ó mọ̀. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe yà. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni. Gbogbo ohun tí ojú ọdẹ rí kọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Ó fi itọ́ rẹ ibẹ̀. Ó so kókó náà padà sí ojú rẹ̀ gan-an, ó fi eyín fà á le. Ó fi okùn náà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó pé báyìí."

Ó dìde, ó wọ inú omi, omi mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé ìbàdí. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é ní Abíọ́nà, mo tún pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí ó dẹsẹ̀ dúró. Bóyá nítorí òfin omi ni kò fi yíjú, kí omi má bàa gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Bóyá nítorí mi ni. Mo ti ń ka okùn yìí láti ọdún méjìlélógójì, kò sọ èyí tí ó jẹ́ fún mi. Ó tún gbé ẹsẹ̀, ó tẹ orí ba kí àpáta má bàa gbá a, ó sì wọlé lọ, kò wo ẹ̀yìn.